Abọ́ Olódòdó Tí Mo Rà fún Múínà

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ya abọ́ Múínà sọ́tọ̀ o, Bàbá Kúdí."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ló wà, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú, wọ́n ń tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń bá wọn rìn lọ kíákíá, mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé tó bá jáde a ó jọ sọ ọ́. Wọ́n ní kí n dúró síta. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi.

Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ dé láti Ẹ̀pẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ló sọ kẹ́yìn. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo ní kálímà ṣàhádà ni. Àwọn àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìyá rẹ̀ nu ojú, Kúdí, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, sì dì mọ́ mi. Irọ́ náà kò jìnnà sí òótọ́ púpọ̀, torí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ètè rẹ̀ ń mì, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń pè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ abọ́ ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn nílé òkú? Ta ló máa yé?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Ó ti pé ọdún kan àti díẹ̀ báyìí, n kò sì tíì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹja yíyan ni iṣẹ́ wa. Létí omi Ìpakodò ni ibi iṣẹ́ wà, àtíbàbà gígùn kan tí a fi páànù bò, tí ààrò wà lápá kan, tí tábìlì tí a ti ń di ẹja sí páálí wà lápá kejì. Ẹja àrọ̀ la máa ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín lẹ́yìn ìlú. Òṣìṣẹ́ wa kò tó mẹ́wàá, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èmi ni mò ń ra ẹja, èmi ni mò ń wá oníbàárà. Ìyàwó mi ló ń bójú tó àwọn ènìyàn. Bí a ṣe pín in láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé tèmi ni iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀. Ìgbà tó kú ni mo tó mọ̀ pé tèmi ló fúyẹ́.

Ọmọ apẹja ni ìyàwó mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́, láti ìdílé tó ti pẹ́ lórí ọ̀sà. Nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ, ó gbé abọ́ tánganran ńlá kan dání, abọ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó ń bá bàbá rẹ̀ pẹja. Ó ní nílé wọn, gbogbo ẹni tó bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun nínú abọ́ kan náà. Ẹni tó bá ní òun yóò dá tòun jẹ, wọn kì í mú un lọ. Ìyá rẹ̀ a máa ní, ẹni tí kò lè fọwọ́ kan ọbẹ̀ tí o fọwọ́ kàn, ṣé ó máa na ọwọ́ sí ọ bí o bá já sómi?

Abọ́ yẹn ló gbé wá sí Ìpakodò. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, wọn a tẹ ẹ̀bà sínú rẹ̀, wọn a da ọbẹ̀ sí i láàárín. Ẹja tó bá já lórí ààrò, tí kò ṣeé tà mọ́, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Gbogbo wọn a jókòó yí i ká lórí ẹní, òun náà láàárín wọn, wọn a máa jẹ, wọn a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kì í bá wọn jẹ. Oúnjẹ tèmi máa ń wà nínú kúlà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá ni mí, mo gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìyàwó mi pè mí títí, ó sú u, kò pè mí mọ́.

Ilé ìwòsàn ló ti pàdé Múínà. Ọmọ Agbówà ni, ọ̀dọ́bìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wárápá ti ń gbé e láti kékeré. Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, wọ́n lé e lọ́jọ́ tó ṣubú lójú oníbàárà. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, èyíinì kò tilẹ̀ tó oṣù kan. Nígbà tí ìyàwó mi sọ fún mi pé òun fẹ́ mú un wá, mo bínú. Mo ní, "Ibi tí iná wà lo fẹ́ mú oníwárápá wá?"

Ó ní, "Ta ló ní ìdí iná ló máa jókòó? Ṣé ìdí iná nìkan ni iṣẹ́ wà níbí ni?"

Ìdí tábìlì ló fi í sí, ibi tí wọ́n ti ń to ẹja, tí wọ́n ń dì í sí náílọ́ọ̀nù. Ó tẹ́ ẹní nípọn-nípọn sí ẹ̀yìn àga rẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó bẹ nọ́ọ̀sì kan kó wá bá gbogbo wa sọ̀rọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo fara ti òpó, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní tó bá ṣubú, kí a kó gbogbo ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí a dà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí a má fi ṣíbí tàbí igi sí i lẹ́nu, kí a má da ohunkóhun sí i lójú, kí a dúró tì í títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ó ní bó bá pẹ́ jù kí a gbé e wá. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kì í ràn, pé itọ́ rẹ̀ kì í ràn, pé ẹni tó bá a jẹun kò lè kó o láéláé. Lóṣooṣù, ìyàwó mi a fún un láyè ọjọ́ kan láti lọ gba oògùn rẹ̀, kò sì ní í yọ ọ́ nínú owó rẹ̀.

Kì í ṣe Múínà nìkan. Ìyá Ráfíù ni àgbà nínú àwọn obìnrin wa, òun ló mọ ààrò jù. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ìyàwó mi ní kí káfíńtà kan àga gíga fún un, kó lè máa jókòó yí ẹja padà. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú ní igun tirẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé ìtọ́jú aláìsàn ló ń ṣe, pé kì í ṣe òwò. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wa kì í lọ. Àwọn tó ń yan ẹja nítòsí wa ń wá ènìyàn kiri lójoojúmọ́, àwa kì í wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wárápá gbé Múínà níbi iṣẹ́, ìdí tábìlì ni. Ìyàwó mi jókòó tì í nílẹ̀, ó fi etí ìró ara rẹ̀ nu ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Wọ́n ń wo ara wọn. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì mi. Ìyàwó mi kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Múínà kọ́kọ́ gé òkèlè. Múínà gé e. Òun náà wá gé tirẹ̀ lójú ibi tí Múínà ti gé e gan-an, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó wá ní, "Ẹ̀yin tí ebi kò pa, ẹ ṣeun, tiwa ṣẹ́kù." Ìyá Ráfíù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọn ò bí ẹni tó máa jẹ ẹja tèmi mọ́ mi lọ́wọ́," ó sì bọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà tán níbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jẹun bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ìyàwó mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú mi ṣú. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí ní nǹkan kan. Oníbàárà ńlá kan láti Èkó ti ń dúró de ẹja láti ìgbà tí a wà nínú ọ̀fọ̀, mo sì ti ṣèlérí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Múínà kúnlẹ̀ níwájú tábìlì mi pé ọjọ́ oògùn òun pé. Mo ní kó jẹ́ kí a kó ẹja yìí jáde ná. Ó ní, "Ó dáa, Ọ̀gá." Ọ̀sẹ̀ kejì, a kò tíì kó o tán. Kò tún béèrè mọ́. Ṣé ẹ rí i? Ìyàwó mi kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Òun ló máa ń rán an létí.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, gbogbo wọn kóra jọ yí abọ́ ká lábẹ́ páànù. Ọwọ́ Múínà wà nínú abọ́ nígbà tí wárápá gbé e. Ó ṣubú sórí oúnjẹ. Abọ́ dojú dé, ọbẹ̀ dà sí ara ẹni tó wà nítòsí, ìfófòó ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀bà. Wọ́n fọ́n ká. Mo jáde láti ọ́fíìsì, mo bá a nílẹ̀ lóun nìkan, wọ́n dúró nínú òjò, wọ́n ń wò ó. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ṣì wà lọ́kàn mi. Mo dà á fẹ̀gbẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe tó dára lọ́jọ́ náà, kò sì sí òmíràn.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ráfíù wá bá mi, àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ má bínú o. Ìyá Kúdí ló ń fi ojú rere dì wá mú, kí Ọlọ́run forí jì í. A ò ní kí ẹ lé e. Ṣùgbọ́n a ò lè bá a jẹun mọ́. Bí ẹ bá ní dandan ni, kálukú yóò gba ilé rẹ̀ lọ."

Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ìyàwó mi sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ń dún létí mi bí mo ṣe jókòó níbẹ̀. Bí mo bá dìde lọ́jọ́ kejì, tí mo jókòó sórí ẹní, tí mo ní kí Múínà gé òkèlè kí n tẹ̀lé e, mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ì bá tán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o. Ẹja tó wà lórí ààrò ni àgbà ń rò.

Mo dá ọgbọ́n kan, mo sì rò pé ọgbọ́n gidi ni. Mo lọ sí ọjà Ìkòròdú fúnra mi, mo ra abọ́ kan tó lẹ́wà, funfun, tí wọ́n ya òdòdó pupa sí, tó ní ọmọrí, pẹ̀lú ife rẹ̀. N kò ra èyí tí kò níyì. Mo fẹ́ kí ó rò pé mo kẹ́ òun ni. Mo pè é, mo ní, "Múínà, tìrẹ nìyí. Wọn yóò máa bu tìrẹ síbẹ̀, kí ara lè tù ọ́." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ.

Ó ń jẹun nídìí tábìlì, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ní, "Múínà ti di ìyàwó gómìnà, ó ti ní abọ́ òdòdó." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo ní ìyẹn náà dára, ṣebí wọ́n ń bá a ṣeré.

Kò pẹ́, kò tó oṣù kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wọ ọ́fíìsì mi, ó gbé abọ́ náà ka orí tábìlì. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún, ó dé ọmọrí rẹ̀, ó fi ife sórí.

Ó ní, "Ọ̀gá, abọ́ yín rèé. Mò ń lọ sí Agbówà."

Mo béèrè bóyá ẹnìkan bú u ni. Ó ní rárá, pé wọn ò bú òun. Ó wá ní, "Nílé wa, wọ́n ti ní abọ́ tèmi láti kékeré. Mo fẹ́ràn ibí torí pé kò sí i níbí ni." Ó ní kí n bá òun kí Kúdí. Ó jáde. Mi ò pè é padà.

Ẹ̀yin ará mi, kí ni mo lè pe ohun tí mo ṣe? Mi ò lé e. Mi ò yọ owó rẹ̀. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí i. Abọ́ ni mo fún un.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Mo gbé abọ́ olódòdó náà sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, Ìyá Ráfíù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Èéfín tó ti ń fà símú láti ọdún pípẹ́ ni, gbogbo ẹni tó bá dàgbà nídìí ààrò ló ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n ní kò ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó sọ fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ṣì ní ìdí láti gba ohun tí dókítà bá sọ? Wọ́n ti kọ́ ọ lọ́wọ́ mi pé ẹ̀rù nìkan ti tó láti fi ya ènìyàn sọ́tọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi wọlé. Abọ́ olódòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ kún inú rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ló bu oúnjẹ sí i fún un, wọ́n ní kó lọ máa jẹ ẹ́ lórí àga rẹ̀, kí ikọ́ má bàa fọ́n sí àwọn lára.

Obìnrin náà kò sunkún. Ó gbé abọ́ náà sókè kí n lè rí i dáadáa. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ó ti kàn mí."

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òwe tí mo ti mọ̀ láti ilé ìwé girama nìyẹn, mo sì ti fi kọ ìwé ìdánwò rí. Mi ò mọ̀ pé èmi ni yóò gbé pàṣán náà sí àjà. Kí ni mo sọ fún Ìyá Ráfíù? Mo ní kó máa ṣe sùúrù. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá Kúdí ì bá ti jẹun nínú rẹ̀," ó sì jáde. Ẹ̀yìn ààrò ló ti ń jẹun báyìí. Ẹni tó bọwọ́ sí abọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, tó fi ẹ̀rín pa ẹ̀rù gbogbo wọn.

Ohun tó kù nínú ibi iṣẹ́ wa kò pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń tẹ ẹ̀bà sínú abọ́ tánganran mọ́. Kálukú ń gbé tirẹ̀ wá láti ilé, wọn a wá igun jókòó sí. Bí ọ̀kan bá lóyún, yóò fi pamọ́. Bí orí bá ń fọ́ òmíràn, yóò dákẹ́, kí wọ́n má bàa wá abọ́ fún òun náà. Méjì ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà nítòsí wa. Èmi náà ti ń wá ènìyàn kiri báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́, bó jẹ́ ẹnì kan péré, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má rò pé ohun tí ẹ bá sọ lẹ́nu ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ń tẹ̀lé. Ibi tí ẹ bá jókòó sí ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá gba ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá, ẹ wá ìdí iṣẹ́ tó bá a mu, ẹ jẹ́ kó rí àyè lọ gba ìtọ́jú kó tó wá bẹ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa àìsàn náà wá làdí rẹ̀ fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe gbogbo ìyẹn tí ẹ kò sì bá a jẹun, asán ni. Ìyàwó mi mọ èyí, ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ẹ sì kíyè sí oore tó ń ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ó lè lẹ́wà, ó lè ní òdòdó lára.

Mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá mọ bí a ti ń padà sẹ́yìn nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, kó gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá lọ bá Múínà, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ṣé kó padà wá jókòó láàárín àwọn tó sá fún un? Àbí kí n kọ́kọ́ tún ilé ṣe ná? Mo ti wọ ọkọ̀ dé ibùdókọ̀ Agbówà lẹ́ẹ̀kan. Mo jókòó sínú rẹ̀ títí tí gbogbo èrò fi sọ̀kalẹ̀, mo wá sọ fún dírẹ́bà pé mò ń bá a padà.

Abọ́ tánganran ìyàwó mi wà lórí ìṣó lára ògiri, eruku ti bò ó. N kò tíì gbé e sọ̀kalẹ̀. N kò tíì pe nọ́ọ̀sì padà wá bá àwọn tuntun sọ̀rọ̀. N kò tíì bẹ Ìyá Ráfíù, n kò sì tíì gba abọ́ olódòdó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì sọ fún Kúdí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ kẹ́yìn. N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé Múínà. Láti ọjọ́ tí a ti dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, n kò tíì jókòó sórí ẹní yẹn rí.